Ohùn Tí Mo Gbà Lẹ́yìn Ògiri

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mélòó kan lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo kúnlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo gbé fóònù lé ara ògiri, mo sì sé èémí mi kó má baà wọnú ohun tí mò ń gbà sílẹ̀. Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá Télọ̀ ni mò ń wá. Yàrá wọn ló kángun sí tiwa lórí àjà kejì, ògiri tó wà láàárín wa ò sì fi bẹ́ẹ̀ nípọn. Gìrì-gìrì-gìrì. Gìrì-gìrì. Gìrì. Nínú gbogbo ìlù tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi, kò sí èyí tó dùn tó o.

Lójijì, ẹ̀rọ náà dákẹ́.

"Ṣé o ti dé?"

Ohùn Màmá Télọ̀ ni. Ó rọ̀, bí ohùn ẹni tí kò gbójú sókè kúrò lára iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo dúró kí n gbọ́ ẹni tó máa dá wọn lóhùn. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà gùn níwọ̀n tí ọmọ kan lè fi kí ìyá rẹ̀, kó sì gbé báàgì kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún sọ̀rọ̀.

"Ó dáa. Bọ́ bàtà ẹ sẹ́nu ọ̀nà."

Ẹ̀rọ náà tún bẹ̀rẹ̀. Gìrì-gìrì-gìrì.

Mo fi fóònù sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá Télọ̀ nìkan ló ń gbé inú yàrá yẹn, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò sì gbọ́ kí ilẹ̀kùn ṣí.

Mo jáde lọ bá màámi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Alágbàfọ̀ ni màámi. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń dúró sí látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́, tí wọ́n á máa lọ aṣọ oníbàárà, tí oru áyọ́ọ̀nù á máa ṣe ṣìì, ṣìì.

"Màámi, ta ló wà lọ́dọ̀ Màmá Télọ̀?"

"Kò séèyàn kankan. Kí lo gbọ́?"

Mo sọ ọ́ fún wọn. Kò yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù nàró, wọ́n sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin ni. Ó gbé báàgì lọ sílé ìwé láàárọ̀, ara rẹ̀ gbóná lọ́sàn-án, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kò padà wálé mọ́. Ó ti pé ọdún márùn-ún, àwa ò tíì kó wá síbí nígbà náà. Aago mẹ́rin ló máa ń ti ilé ìwé dé." Wọ́n wò mí lójú. "Ohun tó o bá gbọ́ lẹ́yìn ògiri, ẹ̀yìn ògiri ni kó o fi í sí. Ṣó o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, mà."

Mo gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fóònù mi ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì níbi tí mo fi í sí, ó ṣì ń gba ohùn.

Oṣù kẹsàn-án tí mo ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin nìyẹn. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin, tí mo ń pè ní bọ̀dá mi, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ló fún mi ní ọ̀kan tí igun ojú rẹ̀ ti sán, tí lẹ́tà mẹ́ta sì ti bọ́ lára rẹ̀. Àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń to ìró lé ara wọn. Láti ìgbà náà, íápíìsì ńlá kan ò kúrò létí mi mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ariwo, ló sọ mí ní Elétí. Orúkọ náà mọ́ mi lára débi pé àwọn olùkọ́ pàápàá ń fi í pè mí.

Ọdún yẹn kọ́ mi lọ́gbọ́n, àmọ́ kò kọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, mo bẹ̀rẹ̀ orin mọ́kànlélógójì, mi ò sì parí ẹyọ kan. Bí mo bá ti ṣe ìbẹ̀rẹ̀ tó dùn, òmíràn á tún wù mí. Bọ̀dá mi rẹ́rìn-ín títí.

"Elétí, ilé tí wọ́n dá dúró sí ìpìlẹ̀, ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀. Parí ọ̀kan. Kó burú o, ṣáà ti parí ẹ̀."

Mo parí ọ̀kan, ó sì burú jáì. Ṣùgbọ́n orin burúkú yẹn kọ́ mi ju ogójì tí mo pa tì. Ó kọ́ mi pé bí gbogbo ìró bá ń ké papọ̀, kò sí èyí tó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan kúrò, mo rí i pé ibi tí orin ti dákẹ́ gan-an ni èèyàn ti ń tẹ́tí sílẹ̀. Mo wá ń wá ìró kiri inú ilé: oru áyọ́ọ̀nù màámi, ìdérí kórobá, ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ tó ń dún bí ológbò tí ebi ń pa.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni bọ̀dá mi wí. "Kórobá ò ní bínú, ilẹ̀kùn ò ní bínú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó o bá kan ohùn èèyàn, kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín."

"Ó dáa, sà." Ó rọrùn láti fẹnu sọ.

Nígbà tó di oṣù kẹwàá tí mo bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ orin kéde pé ilé ìwé wa máa fi orin kan ránṣẹ́ sí ìdíje àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wa. Àwọn tó lóhùn ń kọrin kiri ọgbà. Èmi ò lè kọrin. Mo gbé íápíìsì lé etí Ariwo, ó gbọ́ orin mẹ́ta tó dára jù lọ́wọ́ mi, ó sì yọ ọ́.

"Orin ẹ dùn. Àmọ́ ó dà bí ilé tí kò séèyàn nínú ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, mo ṣí ohun tí mo gbà lẹ́yìn ògiri. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ni mo fẹ́ lò. Mo gé e, mo tò ó, ó di ìlù. Lẹ́yìn náà ni mo jẹ́ kó máa lọ síwájú, mo mọ ohun tó wà níwájú.

"Ṣé o ti dé?"

Mo gé ìyẹn náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa ohùn náà sókè, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa omi nínú kànga. Ní ìgbésẹ̀ kẹta, ó dà bí ohùn obìnrin tí kò tíì dàgbà tó Màmá Télọ̀. Ní ìgbésẹ̀ keje, kò sí Màmá Télọ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Ohùn ọmọdébìnrin kan ló dúró síbẹ̀, ó mọ́, ó tutù, ó ń béèrè bóyá ẹnì kan ti dé.

Ìbéèrè náà kàn rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ ni. Orin náà ń fẹ́ èsì.

Olùkọ́ èdè wa ti kọ́ wa ní àmì ohùn ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. "O ti dé": re, re, mí. "Mo ti dé": re, re, mí. Ọ̀kan náà ni wọ́n! "Mo" nìkan ni mo nílò. Mo wá inú ohun tí mo gbà sílẹ̀ títí, mo rí ibi tí oníbàárà kan ti kanlẹ̀kùn tí Màmá Télọ̀ dáhùn pé, "Mo ń bọ̀." Mo gé "mo" níbẹ̀, mo fà á sókè bíi tàwọn yòókù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ "ti dé", mo sì tẹ̀ ẹ́.

"Mo ti dé."

Mo bojú wẹ̀yìn. N ò mọ ohun tí mo rò pé mo máa rí. Ilẹ̀kùn yàrá mi ló ṣí sílẹ̀ díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dúró síbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ẹnu wáyà íápíìsì mi ti yọ lára kọ̀ǹpútà, pé ohùn náà ti jáde sínú ilé.

"Ọmọ ta nìyẹn?" màámi béèrè láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ọmọ wo, mà?"

"Mo gbọ́ ọmọ kan tó ní òun ti dé. Ṣé wọ́n rán an wá gbaṣọ ni?"

"Kọ̀ǹpútà ni, mà."

Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ wọn lọ dé orí àtẹ̀gùn. Wọ́n wo ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó padà sídìí áyọ́ọ̀nù.

Nígbà tí bọ̀dá mi gbọ́ orin náà, wọn ò rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ní, "Ohùn ta nìyí?"

"Tèmi ni, sà. Mo fà á sókè ni."

Wọ́n wò mí pẹ́. "Tó bá jẹ́ tìẹ, ó dáa."

Mo pe orin náà ní "Mo Ti Dé". Olùkọ́ orin gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kò sí ìdí láti gbọ́ tàwọn yòókù mọ́, òun ni ilé ìwé máa fi ránṣẹ́. Ariwo ní ká gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì gbà. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi gba àdúgbò. Onígbàjámọ̀ ń fi í gérun. Awakọ̀ ń fi í wakọ̀. Ṣọ́ọ̀bù onífóònù tó dojú kọ ilé wa gbé sípíkà síta, wọ́n ń lù ú bí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ti jáde. Mò ń rìn láàárín ọjà bí ẹni tó ní àṣírí aládùn kan lápò. Gbogbo ayé ń gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi!

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbọ́ ọ bí orin.

Mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ ìránṣọ kì í dún déédéé mọ́. Ó lè sáré díẹ̀, kó dákẹ́, kó tún sáré. Lọ́jọ́ kan, mo bá Màmá Télọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n fi ọwọ́ kan ti ògiri, wọ́n gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, téèpù tí wọ́n fi ń wọnṣọ sì wà lọ́rùn wọn.

"Ẹ káàsán, mà."

"Ṣùù." Wọ́n gbé ìka sókè. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní, "Ìwọ náà gbọ́ nǹkan bí?"

Lókèèrè, nínú ọkọ̀ kan tó ń kọjá lọ, mo gbọ́ ọ. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́.

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Etí mi ni." Wọ́n rọra ń gun òkè lọ, wọ́n ń tẹ àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn.

Ọjọ́bọ̀ ló ṣẹlẹ̀. Mo wà nínú yàrá, mò ń ka ìwé. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Mi ò wo aago kí n tó mọ ohun tó lù.

"Ṣé o ti dé?"

Àwọn ọmọ ilé ìwé ti kún iwájú ṣọ́ọ̀bù onífóònù. Láti inú sípíkà tó wà níta, ohùn ọmọdébìnrin kan gun òkè wá, ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó mọ́ gaara.

"Mo ti dé."

Mo mọ̀ pé ó ṣe kòńgẹ́ ni. Ìṣẹ́jú àáyá kan ṣáájú tàbí lẹ́yìn, kò ní í rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn ògiri dákẹ́ pátápátá. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín kan, ẹ̀rín kékeré, bíi ti ẹni tó wá kọ́kọ́rọ́ kiri tó sì bá a lápò ara rẹ̀. Àga ṣubú. Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹsẹ̀ lásán ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo sáré lọ sójú fèrèsé. Màmá Télọ̀ ti jáde sójú títì, téèpù wọn ń fò lẹ́yìn wọn, wọn ò wo ọ̀tún, wọn ò wo òsì.

"Dúró níbẹ̀! Mo ń bọ̀!"

Mo gbọ́ bíréèkì alùpùpù. Mo gbọ́ igbe àwọn èèyàn. Orin náà ò dúró, ó ń lọ lórí gbogbo rẹ̀, ó ń sọ pé òun ti dé.

Wọn ò kú. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ṣẹ́ ní ọrùn ọwọ́, wọ́n sì fara pa lórí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti màámi lọ wò wọ́n ní ilé ìwòsàn. Ojú wọn ń tàn lọ́nà tí mi ò rí rí.

"Alágbàfọ̀, ọmọ mi dá mi lóhùn."

"Ẹ sinmi, ẹ jọ̀ọ́."

"Ohùn rẹ̀ gan-an ni. Ó kàn dàgbà sí i ni. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò dúró dè mí?" Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ tí etí ẹ mú, ṣé o ò gbọ́ ọ?"

Mo wo ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan dúró nítòsí, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé. Ní ìta, ó sọ fún màámi pé dókítà ní bó bá di ọjọ́ Ajé tí wọ́n ṣì ń gbọ́ ohùn tí kò sí, àwọn máa gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ wọn ò pé. Màámi sunkún délé.

Mo padà sílé ìwé lọ́sàn-án, mo sì sọ fún Ariwo. Ó fà mí sẹ́yìn kíláàsì.

"Ṣé ẹnì kan kú ni? Ìwọ kọ́ lo wa alùpùpù. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìdíje. Bó o bá lanu, wọ́n á yọ wá, wọ́n á sì lé ẹ. Elétí, gbé ẹnu ẹ pa mọ́."

Kí n má parọ́, ìmọ̀ràn yẹn wù mí. Mo fi í sùn, mo fi í jí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, màámi fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá Màmá Télọ̀, wọ́n ní kí n lọ mú aṣọ mélòó kan wá fún wọn. Mi ò wọ yàrá yẹn rí. Mo ṣílẹ̀kùn, ohun àkọ́kọ́ tí mo rí sì ni bàtà. Márùn-ún ni wọ́n, bàtà ilé ìwé dúdú, wọ́n tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà láti èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù. Eruku ò sí lára wọn. Ìsàlẹ̀ wọn mọ́ tónítóní, wọn ò tẹ ilẹ̀ rí. Ọdún kan, bàtà kan. Màmá Télọ̀ ti ń ra bàtà fún ẹsẹ̀ tí kò dàgbà mọ́, wọ́n ń fojú inú wọ̀n ọ́n lọ́dọọdún.

Mi ò lè sọ ohun tó sún mi dé ìdí rẹ̀. Mo ti ti ẹsẹ̀ bọ èyí tó kẹ́yìn kí n tó mọ̀. Ó bá mi mu rẹ́gí.

Mo dúró síbẹ̀, nínú bàtà ọmọ tó ti kú, ní ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀. Ohùn náà sì gun òkè wá láti ojú títì.

"Mo ti dé."

Mo ké. Mo bọ́ bàtà náà bí ẹni tí iná ń jó lẹ́sẹ̀, mo sáré padà sílé wa láìmú aṣọ kankan, mo sì kúnlẹ̀ níwájú màámi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì áyọ́ọ̀nù. Mo sọ gbogbo rẹ̀, látorí fóònù dórí "mo" tí mo gé.

Mo ń retí ìgbájú. Wọn ò lù mí. Wọ́n yọ wáyà áyọ́ọ̀nù lára iná, wọ́n ká aṣọ oníbàárà tó wà lórí tábìlì, wọ́n sì ní, "Gbé kọ̀ǹpútà ẹ."

Ní ilé ìwòsàn, màámi bẹ nọ́ọ̀sì pé kó dúró gbọ́. Mo kọ́kọ́ tẹ ohùn náà bí mo ṣe gbà á: "Ṣé o ti dé?" Màmá Télọ̀ mọ ohùn ara wọn, ojú wọn yí padà. Mo fà á sókè ní ìgbésẹ̀ kan, méjì, títí dé méje. Mo tẹ "Mo ń bọ̀." Mo gé e níwájú wọn. Mo lẹ̀ ẹ́ níwájú wọn.

"Mo ti dé."

"Tún un ṣe," ni wọ́n wí.

Mo tún un ṣe.

"Tún un ṣe."

Ní ìgbà kẹta, wọ́n gbé ọwọ́ tí kò ṣẹ́ lé ẹnu. "Ó wá jẹ́ pé èmi ni mo dá ara mi lóhùn."

Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé rẹ̀, ó fa igi lé ohun tó kọ́kọ́ kọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," mo bẹ̀rẹ̀. "Ẹ dárí jì mí. Mo rò pé..."

"Dákẹ́." Wọn ò pariwo. "Ṣé o rò pé orí mi ò pé? Ọdún márùn-ún ni mo fi ń bi í léèrè. Mo mọ̀ pé kò ní í dáhùn. Mo mọ ibi tí mo sin ín sí. Ìbéèrè yẹn tó mi, òun ni mo fi ń gbé ọjọ́ kan dé òmíràn. Ta ló ní kó o fún mi lésì?"

Màámi náà ti kúnlẹ̀. Màmá Télọ̀ ní, "Ẹ dìde, Alágbàfọ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin." Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí ògiri. Wọn ò sọ pé àwọn dárí jì mí. Wọn ò sì sọ ọ́ títí a fi kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ bá olùkọ́ orin, mo sì yọ orin náà kúrò nínú ìdíje. Wọ́n fi orin ẹlòmíràn ránṣẹ́. Ariwo ò bá mi sọ̀rọ̀ di ìparí sáà. Mo pa orin náà rẹ́ níbi tí a gbé e sí, ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó ti wà lórí fóònù ọgọ́rọ̀ èèyàn. Màámi ní kí n tọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Mo ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, mò ń sọ ohun tí mo ṣe fún ẹni tí mi ò mọ̀. Onígbàjámọ̀ yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀. Onífóònù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní orin náà ń pe èrò. Nígbà tí mo sọ ẹni tó ni ohùn náà, ó gbé sípíkà wọlé fúnra rẹ̀. Àwọn kan fojú burúkú wò mí, wọ́n ní kí n kúrò níwájú àwọn.

Bọ̀dá mi gba kọ̀ǹpútà náà fún oṣù kan. "Gbígbà tó o gba ohùn yẹn burú," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n irọ́ tó o pa fún mi ló mú un jáde nílé. Ká ní o sọ òótọ́ lọ́jọ́ yẹn, inú kọ̀ǹpútà yìí ni ì bá kú sí."

Nígbà tí Màmá Télọ̀ padà sílé, símẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi di eegun tó ṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Aránṣọ tí ò lọ́wọ́ ọ̀tún, kí ni yóò ṣe? Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, mo ń lọ jókòó tì wọ́n, mò ń fi okùn bọ abẹ́rẹ́, mò ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń bá mi sọ: "Fà á le." "Tú u, kò gún." Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó bi mí bóyá mo ti jẹun.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú símẹ́ǹtì ọwọ́ wọn, wọ́n jókòó sídìí ẹ̀rọ, wọ́n gbìyànjú rẹ̀ wò. Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ náà fún ọjọ́ púpọ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé ẹ lè gbà kí n gba ìró ẹ̀rọ yín sílẹ̀? Ẹ̀rọ nìkan."

Wọ́n wò mí pẹ́.

"Rárá."

"Ó dáa, mà."

Mo dìde, mo padà sídìí bọ́tìnnì mi. Ó ṣòro díẹ̀, kì í ṣe pé kò ṣòro. Àmọ́ mo kíyè sí i pé wọ́n ń wò mí, bí ẹni tó ń wò bóyá lóòótọ́ ni mo gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n na àlùmọ́gàjí sí mi, wọ́n sì ní kí n sún àga mi mọ́ ojú fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ lè tó mi.

Ọdún náà ti pé, ó ti lé. Mo ti parí orin mẹ́rin sí i, mi ò sì fi ohùn ẹnikẹ́ni tí mi ò bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ sínú wọn. Àwọn tó gbọ́ wọn ò pọ̀. Ní oṣù tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú kan tó jìnnà, ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí. Fóònù ọkùnrin kan dún níwájú mi. Kó tó gbé e, ohùn ọmọdébìnrin kan ti sọ nínú rẹ̀ pé òun ti dé, ó mọ́, ó tutù. Obìnrin àgbàlagbà kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé gbé orí sókè, ó wo ẹ̀yìn, ó wo ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, ó ń wá ẹnì kan. Mi ò mọ ẹni tó ń wá. Mi ò mọ iye ìyá tí ohùn yẹn ti dá lóhùn, mi ò sì lè pè é padà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, tí ẹ ní fóònù lọ́wọ́, tí gbogbo nǹkan ń wù yín láti gbà sílẹ̀, ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Ohun tí etí yín gbọ́ ò tíì di tiyín. Ìbànújẹ́ ẹlòmíràn kì í ṣe ohun èlò, bó ti wù kó dùn ún gbọ́ tó. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Bí ẹni tó ni ín bá sì sọ pé rárá, ẹ má wá nǹkan mìíràn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Ó ti dáhùn.